Ibi Tí Kò Sí Ògiri Láàárín Èèyàn àti Ọ̀nì

Ní ọgbà Brazos Bend, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, kò sí ògiri, kò sí wáyà, kò sí kòtò láàárín èèyàn àti ọ̀nì. Pátákó ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ síbẹ̀: ẹ jìnnà sí i tó ẹsẹ̀ bàtà 30, bí ẹ bá gbọ́ tó ń fọn "hììì" sí yín, ẹ ti sún mọ́ ọn jù, ẹ rọra fà sẹ́yìn, ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Ó tán. Ọ̀nì ń yá oòrùn létí ọ̀nà, ìwọ náà ń kọjá lọ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ike omi lọ́wọ́, oníkálùkù ń bá tirẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ pé "Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí i." Ohun tí màmá mi náà sọ nìyẹn nígbà tí a kọ́kọ́ dábàá pé ká lọ pàgọ́ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ò jìnnà sí wa rárá. Láti àárín ìlú Houston, bíi máìlì 45 ni, ní ìhà gúúsù lọ́nà ìwọ̀-oòrùn, ní Fort Bend County tí àwọn ọmọ Nàìjíríà kún fọ́fọ́. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa wà níbẹ̀, mọ́ṣáláṣí wa wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta èlùbọ́ àti panla wà níbẹ̀. Bí ẹ bá lọ sí ọgbà yìí lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó rí àwọn ará Íńdíà pẹ̀lú ìyá àgbà wọn nínú sárì, ẹ ó rí àwọn ará Mẹ́síkò pẹ̀lú ẹbí ogún èèyàn yí tábìlì kan ká. Tiwa ló ṣọ̀wọ́n. Tí ẹ bá ń wá tiwa lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngán ayẹyẹ ni kí ẹ lọ.

Ohun tí àwọn ará ibí ń pè ní state park, ilẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ rà tàbí tí ẹnì kan fi tọrẹ ni, ì báà jẹ́ igbó, ì báà jẹ́ odò tàbí òkè, tí wọ́n wá ń tọ́jú kí aráàlú lè rí ibi wọ̀. Ọdún 1923 ni Texas dá ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí Pat Neff jẹ́ gómìnà. Brazos Bend ní tirẹ̀ kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ọwọ́ àwọn onílẹ̀ ni ìjọba ti rà á ní 1976 sí 1977, wọ́n sì ṣí i fún aráàlú ní 1984. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí éékà 5,000. Ìdí tí ìyẹn fi jọ mí lójú ni pé ọwọ́ aládàáni ni ohun tó ju ìdá márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ Texas wà. Ẹ lè wa mọ́tò láti àárọ̀ di ọ̀sán kí ẹ má rí ibi tí ẹ lè sọ̀kalẹ̀ sí kẹ́ ẹ na ẹsẹ̀ nínú pápá, wáyà ẹlẹ́gùn-ún lápá ọ̀tún, wáyà ẹlẹ́gùn-ún lápá òsì, pátákó sì ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Èmi tí mo wá láti ìlú òkèèrè, tí n ò ní oko, tí n ò ní bàbá ìyàwó tó ní oko, ibo ni kí n kó ọmọ mi lọ?

Ìyàwó mi ló mú ọ̀rọ̀ náà wálé. Nọ́ọ̀sì ni, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ló ń fi fọ́tò àgọ́ wọn hàn án. Ó gba àyè sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní oṣù mélòó kan ṣáájú, nítorí pé òpin ọ̀sẹ̀ máa ń tètè kún, pàápàá láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta tí oòrùn Texas bá ti rọ̀. Àgọ́ tí a rà, àwọn tó ta á kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ènìyàn mẹ́jọ ló ń gbà. Ènìyàn mẹ́jọ tí kò ní ẹrù, tí kò ní ìdí, tí kò sì ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lóru ni wọ́n ní lọ́kàn.

Nígbà yẹn, màmá mi wà lọ́dọ̀ wa láti Ìbàdàn. Ó wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun.

"Ẹ nílé. Ẹ ní fáàánù, ẹ ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ wá ń sanwó kí ẹ lè lọ sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú igbó?"

"Mọ́mì, ọjọ́ méjì péré ni."

"Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń jẹ èèyàn tán ni?" Ó yíjú sí ìyàwó mi. "Ìyá Ìbejì, ìwọ lo rò ó, àbí? Ọmọ tèmi ò lè ro irú ẹ̀."

"Ẹ má bínú, mà. Balùwẹ̀ wà níbẹ̀. Omi gbígbóná ń jáde."

Ìyẹn ló tún wá yà á lẹ́nu jù. Igbó tó ní omi gbígbóná, kí ló kù tó fi jẹ́ igbó?

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mọ́ mi nínú ni pé ọmọ ọdẹ ni màmá mi. Apá Òkè-Ògùn ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ a máa wọ igbó lóru pẹ̀lú àtùpà kábáàdì lórí, a sì jáde ní ìdájí. Ẹran ìgbẹ́ ló fi tọ́ wọn. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni òun ti dàgbà, nínú ilé páànù, níbi tí igbó tó sún mọ́ wọn jù lọ ti jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Ó gba ẹ̀rù igbó lọ́wọ́ àwọn tó yí i ká. Ìmọ̀ igbó, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló wà, kò sì sẹ́ni tó jókòó gbà á. Èmi náà wá gba ẹ̀rù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Báyìí ni mo ṣe rò ó nípa ọ̀pọ̀ nínú wa: a jogún ìbẹ̀rù àwọn baba wa, a ò jogún ohun tí wọ́n mọ̀. Ọdẹ mọ ohun tó yẹ kó bẹ̀rù, ó mọ ibi tó wà, ó mọ wákàtí tó ń jáde. Àwa kàn ń bẹ̀rù gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni, láti orí ewé dé orí ẹyẹ.

Ó tẹ̀ lé wa ṣá. Ó ní òun ò lè jókòó sílé kí wọ́n wá sọ fún òun pé ọ̀nì ti gbé ọmọ ọmọ òun.

Ojú ọ̀nà FM 762 ni ẹ ó gbà wọlé, láàárín pápá màlúù. Bí ẹ bá ti kọjá ẹnubodè ọgbà, afẹ́fẹ́ yóò yí padà, nítorí igi óákù ńláńlá tó tẹ́ ẹ̀ka wọn sórí ọ̀nà. Nǹkan kan tó rí eérú, tó gùn, tó rọ̀, ń já láti ara ẹ̀ka wọ̀nyí dé ibi tí ọwọ́ lè tó. Spanish moss ni wọ́n ń pè é. Màmá mi ní àfòmọ́ ni, yóò pa igi náà láìpẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ọgbà tó fún wa ní máàpù sọ pé kò mu oje igi rárá, orí igi ló kàn ń gbé, òjò àti afẹ́fẹ́ ló fi ń jẹun, àti pé ẹbí ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún màmá mi. Ó fà á lára ẹ̀ka, ó gbọ́n ọn nù, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ní irọ́ ni.

Ibi tí wọ́n fún wa, ó ní tábìlì onígi, ó ní ẹ̀rọ omi, ó ní iná mànàmáná, ó sì ní òrùka irin tí wọ́n ń dáná nínú rẹ̀. A gbé àgọ́ dúró, a kan èèkàn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ yẹn le ju bí fọ́tò ṣe ń fi í hàn lọ. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fún ẹnì kankan jẹ. Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó jókòó tira lẹ́yìn tó gbé àgọ́ dúró tán, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Nǹkan mìíràn tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé wọn ò gbà kí èèyàn ṣa igi inú ọgbà fi dáná. Igi tó wó, ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹrà sí, nítorí òun ni ilé kòkòrò àti oúnjẹ ilẹ̀. Igi ìdáná, ríra ni, nítòsí ibẹ̀ ló sì dáa kí ẹ ti rà á, kí ẹ má baà fi igi gbé kòkòrò ajẹgi láti agbègbè kan dé òmíràn. Màmá mi wo igi gbígbẹ tó wà káàkiri ẹsẹ̀ wa, ó wo owó tí mo san lórí ìdì igi kékeré kan, ó kàn mi orí ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí iná ràn, tí ìyàwó mi to isu sórí ẹ̀yin iná, tó gbé ìkòkò ata dín-dín kalẹ̀, tó fi yájì ra adìẹ, ìjà parí. Àwọn òyìnbó méjì kan, tọkọtaya tó ti fẹ̀yìn tì, tí àgọ́ alágbéká wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, òórùn yájì ló gbé wọn wá kí wa. Wọ́n bá wa jẹ isu sísun. Àwọn náà fún àwọn ọmọ ní marshmallow láti fi igi gún kí wọ́n yan. Màmá mi tọ́ ọ wò, ó ní ṣúgà tó jóná ni. Wọ́n tún kìlọ̀ fún wa nípa raccoon, pé gbogbo oúnjẹ inú kúlà ló gbọ́dọ̀ wọ inú mọ́tò kí a tó sùn. Ẹranko yìí kò ju ológbò tó sanra lọ, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ìka márùn-ún, ó ń lo ọwọ́ náà láti ṣí ìdérí, láti já síìpù, láti tú okùn. A rí ọ̀kan lóru ọjọ́ yẹn. Ó dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjì lẹ́yìn nídìí tábìlì aládùúgbò wa mìíràn, ó gbé bọ́ọ̀lì kan tí wọ́n gbàgbé sókè, ó wò ó yípo, ó fi lé ilẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Bó ṣe ṣe é pẹ̀lú sùúrù ló mú kí àwọn ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi ń wúkọ́.

Ilé ìwòràwọ̀ kan wà nínú ọgbà náà, George Observatory, tó jẹ́ ti ilé ọnà sáyẹ́ǹsì Houston. Ọdún 1989 ni wọ́n ṣí i. Ní alẹ́ Sátidé, wọ́n máa ń jẹ́ kí aráàlú fojú sí awò ńlá tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 36. Àwọn ìbejì kọ́kọ́ wò ó, lẹ́yìn náà ni mo di màmá mi lọ́wọ́ mú gun àtẹ̀gùn. Saturn ni wọ́n gbé awò sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó fojú sí i, ó pẹ́ níbẹ̀ débi tí àwọn tó wà lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í mira.

"Kí lẹ rí, Mọ́mì?"

"Èyí wọ ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ni?"

N ò tíì gbọ́ ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ dáa tó bẹ́ẹ̀.

Oru ni ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ti le jù. Tí wọ́n bá pa iná tán, tó di agogo mẹ́wàá tí òfin ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀, igbó kì í dákẹ́ ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ ń ké, ìrẹ̀ ń han, nǹkan kan ń já ewé gbígbẹ lẹ́yìn àgọ́. Nígbà tó yá ni òwìwí ké. Gbogbo ẹni tó bá dàgbà nílé Yorùbá mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa òwìwí. Màmá mi dìde jókòó nínú òkùnkùn, mo sì gbọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, àdúrà tó le. Àkọ́bí mi obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá, gbé fóònù rẹ̀ sókè sí ìta. Ètò kan wà lórí fóònù náà, Merlin lorúkọ rẹ̀, tó máa ń gbọ́ ohùn ẹyẹ kó sì sọ irú ẹyẹ tó jẹ́. "Barred owl ni, Mọ́mọ́. Eku ló ń wá." Màmá mi dákẹ́ díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Ó ní bàbá òun máa ń sọ pé ẹyẹ tó ń ké lóru kì í ṣe ìṣòro ọdẹ. Ìgbà tí gbogbo wọn bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni kí ọdẹ dúró gbọnyin, kó pa iná, kó gbọ́ ohun tó ń bọ̀. Ó tún sọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú ẹran mọ̀ ọ́n nínú iná kábáàdì, pé àwọ̀ ojú ẹtu yàtọ̀ sí ti ìkookò, pé ojú tó bá sún mọ́ra jù, kí ọdẹ má yìnbọn sí i. Ọmọ mi ń béèrè, ó ń dáhùn. Ìmọ̀ tí mo rò pé ó ti bá bàbá rẹ̀ wọlẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ wà níbẹ̀ o! Kò kàn sí ẹni tó béèrè ni, kò sì sí ibi tí ìbéèrè náà ti lè wáyé nínú pálọ̀ tí tẹlifíṣọ̀n ti ń pariwo.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀nì, torí òun gan-an ni gbogbo ayé ń bá lọ síbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a fi ẹsẹ̀ rìn yí adágún omi tí wọ́n ń pè ní 40-Acre Lake ká. Ọ̀nà náà tẹ́jú, kò ju máìlì kan àti díẹ̀ lọ, màmá mi rìn ín pẹ̀lú ọ̀pá, a ti kẹ̀kẹ́ ọmọ lórí rẹ̀. Ilé ìṣọ́ kan wà létí omi tí èèyàn lè gùn láti fi wo gbogbo àyíká. Láti òkè yẹn, òṣíbàtà tẹ́ omi lọ bí ojú ṣe lè rí i mọ, lékeléke funfun duro káàkiri, igún to sórí igi gbígbẹ, wọ́n na ìyẹ́ wọn sóòrùn. Wọ́n ní irú ẹyẹ tí wọ́n ti rí nínú ọgbà yìí tó nǹkan bíi 300.

Etí Elm Lake, adágún mìíràn nínú ọgbà náà, ni a ti rí ọ̀nì. Ó dùbúlẹ̀ sórí koríko, ìrù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú ọ̀nà. Ó gùn jú mọ́tò wa lọ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n má purọ́, ó gùn tó ìdajì mọ́tò wa dáadáa. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn, ó sì ń sán pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ níbi tí oòrùn ti ń bà á. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, kò mì. Ìhà rẹ̀ nìkan ló ń gbéra sókè tó ń wálẹ̀, ó ń pẹ́ kó tó mí òmíràn. Labalábá ofeefee kan bà lé e lórí, nítòsí ojú, ó sì wà níbẹ̀. A dúró síbi tí pátákó sọ. Àwọn ìbejì ń ka ẹsẹ̀ bàtà sí ara wọn létí. Ìgbà tí ọkùnrin kan tó ní kámẹ́rà tẹ̀ síwájú jù ni a gbọ́ ohùn náà, ohùn afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde nínú táyà ọkọ̀ akẹ́rù. Ọkùnrin náà fà sẹ́yìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀nì náà dákẹ́. Ó ti sọ tirẹ̀.

Níbi ilé ẹ̀kọ́ ìṣẹ̀dá tó wà nínú ọgbà, àwọn tó ń fi ara wọn ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ gbé ọmọ ọ̀nì kékeré jáde fún wa, wọ́n fi téèpù dì í lẹ́nu. Àwọn ọmọ fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó rọ̀, ó tutù. Wọ́n kọ́ wa pé ọ̀nì abo ló máa ń kó koríko àti ewé jọ fi ṣe ìtẹ́, tí ewé yẹn bá ń jẹrà, ooru rẹ̀ ló ń sàba ẹyin. Ooru yẹn náà ló ń pinnu bóyá akọ ni yóò jáde tàbí abo. Tí àsìkò bá tó, àwọn ọmọ yóò máa ké látinú ẹyin, ìyá wọn yóò wá tú ìtẹ́, yóò fi ẹnu gbé wọn lọ sínú omi. Ẹnu tó ń fọ́ egungun ẹlẹ́dẹ̀ igbó, kò já ọmọ lára bó ti kéré mọ. Màmá mi ní kí n tún ibẹ̀ sọ, mo tún un sọ.

Ní 1967, ọ̀nì yìí wà lára ẹranko tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ sílẹ̀ pé ó ń parun lọ, torí pé awọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe bàtà àti báàgì. Wọ́n fi òfin dáàbò bò ó, ó sì pọ̀ padà débi pé ní 1987 wọ́n kéde pé ó ti bọ́ nínú ewu. Ogún ọdún péré. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi mọ̀ pé irú ẹ̀ ṣeé ṣe.

Ohun kan wà tí n kò lè kọ̀wé nípa odò Brazos kí n má sọ. Ilẹ̀ tí ọgbà yìí wà, àwọn ẹ̀yà Karankawa ló ń dẹ ọdẹ níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Lẹ́yìn wọn ni oko òwú àti oko ìrèké bo bèbè odò náà, àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú ló sì ń ro ó. Ní àárín àwọn ọdún 1830, àwọn oníṣòwò kan ń fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn ọmọ Áfíríkà láti Kúbà wá sí ẹnu odò yìí ní bòńkẹ́lẹ́, nítorí òfin ò gbà á mọ́. Àkókò yẹn gan-an ni Ọ̀yọ́ Ilé ń tú, tí wọ́n ń ta àwọn èèyàn wa tí ogun kó gba etíkun lọ sí Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pe Yorùbá ní Lukumí. N kò rí bí ẹnikẹ́ni ṣe fẹ́ sọ fún mi pé èmi ni Yorùbá àkọ́kọ́ tó sùn létí Brazos. Òwò ẹrú tán, wọ́n tún dá ọgbọ́n mìíràn: wọ́n ń mú aláwọ̀ dúdú sẹ́wọ̀n, wọ́n ń yá wọn fún olóko ìrèké. Ní 2018, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Sugar Land, ìlú tí a gbà kọjá lọ sí ọgbà, wọ́n hú òkú irú wọn 95 jáde.

Àwọn ọgbà ìjọba fúnra wọn, aláwọ̀ dúdú ò lè wọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní Texas fún ìgbà pípẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1949, àwọn kan pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí ọgbà Tyler. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964 (Civil Rights Act) ló wá fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ náà. Ọ̀gbẹ́ni kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, aláwọ̀ dúdú ọmọ bíbí Texas, sọ fún mi pé ìyá àgbà òun ò gbà kí wọ́n wọ igbó lálẹ́ rárá, pé kì í ṣe ọ̀nì ni ìyá náà ń bẹ̀rù. Mo lóye rẹ̀. Ẹ̀rù tiwọn ní ẹni tó dá a sílẹ̀. Tiwa yàtọ̀.

Ẹ má rò pé mò ń fi Amẹ́ríkà bú ilé. Àwọn òkìtì àti odi Ọ̀yọ́ Ilé wà nínú igbó tí ìjọba àpapọ̀ sọ di Old Oyo National Park ní 1991. Mélòó nínú wa tó ń kọrin Aláàfin, tó ń fi oríkì Ṣàngó ṣe àmì ìpè fóònù, ló ti fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀? Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ajínigbé ti sọ igbó ilé di ẹ̀rù gidi, n ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó lọ pàgọ́ sí Òkè-Ògùn lónìí. Ṣùgbọ́n kí àwọn ajínigbé tó dé, a ò lọ náà. Òkè Ìdànrè wà níbẹ̀ pẹ̀lú àtẹ̀gùn rẹ̀ tó lé ní 600, Igbó Ọ̀ṣun wà ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ sílẹ̀ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ilé ẹ̀kọ́ wa, ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n ń kó wa lọ wò, ká lọ wo kìnnìún tó sùn lẹ́yìn irin. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹranko wà nínú àgò, èèyàn wà níta, ó sì dáa bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lọ: ẹ lọ nígbà òtútù, ẹ̀fọn ò ní fi yín ṣe ẹlẹ́yà. Ọmọ tí kò bá tíì ju ọdún méjìlá lọ kì í sanwó ẹnubodè. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ nítorí èèrà pupa, ìtani wọn ju ti ìjàlọ lọ. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé ewé tó bá hù mẹ́ta mẹ́ta lórí ọ̀pá kan, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, ó lè jẹ́ poison ivy tó ń mú ara yún. Ajá, okùn gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ọ̀nì fẹ́ràn ajá. Ẹ gbé ata lọ.

Ọjọ́ kejì tí a délé, màmá mi pe àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Ìbàdàn. Mo gbọ́ tó ń ròyìn. Ọ̀nì tó jẹ́ ìdajì mọ́tò ti di ọ̀nì tó gùn tó bọ́ọ̀sì, ọkùnrin oníkámẹ́rà ti di òyìnbó mẹ́ta tó sá lọ. Mo jẹ́ kó máa bá a lọ. Ó wá dé ibi tí àǹtí mi ti béèrè ìbéèrè tí ọmọ ọdẹ máa ń béèrè.

"Ṣé ẹ pa á?"

"Ta ló máa pa á? Ìjọba ló ni ín."

"Ìjọba ló ń jẹ ẹ́ nìyẹn?"

Màmá mi gbé fóònù kúrò létí, ó bi mí bóyá wọ́n ń jẹ ẹ́. Mo ní wọ́n ń jẹ ẹ́ o, àwọn tó ní ìwé àṣẹ ń dẹ ẹ́ ní àsìkò, wọ́n tún ń sìn ín lóko, àwọn ilé oúnjẹ kan ní Texas máa ń din ìrù rẹ̀ nínú òróró. Ó gbé fóònù padà sétí, ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé kó dúró, pé òun ń lọ jẹ ẹ́ ní Sátidé tó ń bọ̀, òun á sọ bó ṣe rí lẹ́nu fún un.